Ìparí Ìtàn Kádì

Ní Kambolé, ìgbà tí ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ọkùnrin máa ń rántí pé àwọn ń wá ìyàwó. Látìgbà tí a ti jẹ iṣu tuntun títí di ìgbà tí a fi gbin àgbàdo, ẹnì kan ò ní béèrè ọmọbìnrin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí olùkọ́ kọ orúkọ ọmọ náà fún BEPC, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò lọ jókòó sí Tchamba, gooro, obì tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, á wọlé. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin tó bá yege á lọ sí lísè, ilé ìwé tó ga ju kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ, èyí tó bá sì ti dé lísè á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ènìyàn ní ìbéèrè.

Gooro ti ilé Hàrúnà wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ìdánwò Ràhámátù, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Àlàájì Mùhámmádù, ẹ̀gbọ́n Hàrúnà, ló gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò sì sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀. Sàúdátù, ìyàwó Hàrúnà, kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ọwọ́ méjèèjì gba agbọ̀n tí wọ́n fi ewé bò.

"Ti Àzízì ni," ni Àlàájì wí. "Àzízì ti Kouloundè, ní Sokodé, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Kí Ìyá tọ́ ọ wò, kí ẹ sì pín in yí àdúgbò ká. Bí a bá kírun Alásárì tán, mo máa padà wá gbọ́ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá mú ìyàwó wọn."

"Ọjọ́ Ajé, Àlàájì?" Sàúdátù ò tíì dìde. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ ń wọ BEPC."

"Àzízì ń lọ kó ọjà ní Nàìjíríà. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ta ọjà ní bùtíìkì." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "BEPC kì í sá lọ, Sàúdátù. Ọkọ ló ń sá lọ."

Ó yí alùpùpù padà, eruku sì bo àwọn ewé orí agbọ̀n.

Gooro báyìí kì í ṣe nǹkan ìpanu nílùú yìí. Ẹni tó dàgbà jù nínú ilé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kan ẹnu. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á pín èyí tó kù láti ojúlé dé ojúlé, gbogbo ilé tó bá sì jẹ nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Gooro tí ẹnu kò tíì kàn ṣeé dá padà, ìtìjú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àgbà ti jẹ, ẹyin tó ti bọ́ sílẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lè kó o jọ mọ́.

Ohun kan wà tí Àlàájì gbàgbé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti Hàrúnà, kò ní eyín lẹ́nu mọ́. Sàúdátù ló máa ń rin gooro fún un lórí páànù kékeré kan tí wọ́n fi ìṣó luhò káàkiri, kí ìyá náà tó máa fi ìka bu ú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń bá ìyá rẹ̀ jẹun ì bá ti mọ èyí. Àlàájì máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í.

Oúnjẹ tó ń fi ránṣẹ́ náà ni ọ̀ràn. Àpò àgbàdo rẹ̀ wà ní ìkángun ilé ìdáná, ó sì ti wálẹ̀ dé ìdajì. Iṣu Hàrúnà ti tán nínú abà, iṣu tuntun ò tíì ta, láti ìgbà náà ni ó sì jẹ́ pé túwó àgbàdo Àlàájì ni gbogbo ilé ń jẹ, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Orí ọgbà ni Ìyá Fáwàsì, aládùúgbò wọn tó ń din àkàrà kóósé, ti rí gbogbo rẹ̀. "Ìyá Ràhámátù, ẹ kú oríire o," ni ó wí. "Mo rí agbọ̀n."

"Ẹ ṣé."

"Kouloundè kì í ṣe kékeré. Ilé oníná, ilé olómi ẹ̀rọ. Ẹ má gbàgbé tèmi o. Ti Jímọ̀ tó kọjá, ilé Àlàó ni a ti jẹ ẹ́, ọmọ yẹn sì ti wà ní Bago báyìí, ó ń bá ọkọ rẹ̀ ro oko." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí kóósé inú epo padà.

Ọmọ Àlàó yẹn ló ń gba ipò kìíní nínú kíláàsì Ràhámátù.

Hàrúnà jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti wẹ̀ fún Jímọ̀. Ó rí agbọ̀n, ó sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kọjá bí ìgbà tí ènìyàn yẹ ọmọdé tó sùn sílẹ̀. Kò béèrè ẹni tó ni ín.

"Ẹ ti mọ̀," ni Sàúdátù wí.

"Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi."

"Ẹ sì jẹun lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ jẹ tàná náà. Ẹ ní kí n bu ọbẹ̀ sí i."

"Kí ni kí n wí? Láti ìgbà tí iṣu ti tán, àgbàdo ta ni ò ń rò?"

"Mo mọ ẹni tó ni àgbàdo. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi la fi ń pààrọ̀ rẹ̀."

"Má sọ ọ́ báyẹn."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́, Bàbá Ràhámátù? Ẹ kọ́ mi, màá sọ ọ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́."

Hàrúnà jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ẹsẹ̀ tó ti gbẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n ní rárá."

"Ojú Ràhámátù ńkọ́? Ẹ lè wo ìyẹn?"

Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì lọ láì jẹun. Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Hàrúnà kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò lu ìyàwó rí, ó sì máa ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí kẹ̀kẹ́ bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn burúkú ò pọ̀ ní Kambolé. Àwọn ẹni rere tó ń dákẹ́ ló pọ̀.

"Sàúdátù," ni Ìyá Àgbà pè láti inú yàrá rẹ̀. "Òórùn gooro ń ta sí mi nímú. Ṣé kò tíì yá kí o rin ín?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Mo ń dáná lọ́wọ́."

Kò dá iná kankan. Ó mú páànù ìrin náà lórí pẹpẹ, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó sì jókòó.

Ràhámátù wà níbẹ̀ lórí àpótí, ó ń gé ilá. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó gé ilá náà wẹ́wẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tún ń padà gé èyí tó ti gé.

Nílé yìí, bí nǹkan bá le, ìtàn Kádì ni wọ́n máa ń sá lọ bá. Inú ìwé kan ni Sàúdátù ti bá a pàdé nígbà tó wà nílé ìwé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé náà, ti Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí, olùkọ́ wọn, ni, òun ni ó sì máa ń kà á fún gbogbo kíláàsì ní ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó jáde. Kádì jẹ́ ọmọ abúlé kan létí odò ńlá, ilé ìwé rẹ̀ sì wà ní òdìkejì. Ó ní adìẹ funfun kan. Ẹyin rẹ̀ ló máa ń fún ọlọ́kọ̀ kí ó lè tù ú kọjá. Lọ́jọ́ ìdánwò, odò kún. Nígbà tí ọkọ̀ dé àárín omi, bàbá Kádì sáré dé etí odò, ó sì ń ké sí i pé kí ó padà. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí pa ìwé dé lọ́jọ́ náà. Kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, Sàúdátù ti di ìyàwó Hàrúnà.

Nítorí náà, fúnra rẹ̀ ló parí ìtàn náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú tirẹ̀, Kádì yí ọkọ̀ padà, bàbá rẹ̀ gbé e kọ́ ọrùn, adìẹ funfun pa ọmọ rẹpẹtẹ, gbogbo abúlé sì jẹ, wọ́n sì yó. Gbogbo ilé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń béèrè fún un bí ẹni ń béèrè omi. Hàrúnà sì ni bàbá Kádì: bí ìtàn bá ti dé etí odò, á gbé àdá tó ń pọ́n sílẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á sì ké pé, "Kádì o, padà wálé o," àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ìyá," ni Ràhámátù wí, kò gbé ojú kúrò lára ilá. "Kádì kò padà."

"Kí ni o wí?"

"Nínú ìwé. Kò padà." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ìwé kan jáde láti inú àpò ilé ìwé rẹ̀. Èèpo iwájú rẹ̀ ti lọ, wọ́n sì ti fi okùn rán ẹ̀yìn rẹ̀. "Madáàmù Adérónkẹ́, olùkọ́ wa, ló yá mi. Bàbá wọn ni Ọ̀gá Májẹ́kódùnmí. Ìwé wọn yẹn náà ni."

Sàúdátù gba ìwé náà. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àbààwọ́n tíì kan wà ní igun rẹ̀ tó dà bí etí ewúrẹ́. Ó ti ń wo àbààwọ́n yẹn láti ìjókòó rẹ̀ nígbà tó kéré ju Ràhámátù lọ. Ó fọwọ́ pa á, ó sì dá a padà fún ọmọ náà. "Kà á fún mi."

Ràhámátù ṣí ojú ewé ìgbẹ̀yìn. Ó ń ka Faransé náà jẹ́jẹ́, ó sì ń sọ ọ́ ní èdè wọn bó ti ń lọ. Kádì gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ bi í bóyá kí òun yí padà, ó ní kí ó máa tù ú lọ. Ó wọ kíláàsì pẹ̀lú aṣọ tó ń kán tótó, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí símẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìjókòó rẹ̀.

"Ṣé ó yege?"

"Ìwé ò sọ."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dúró létí odò títí kò fi rí ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé, ó sì fún adìẹ Kádì lóúnjẹ. Ibẹ̀ ni ó parí sí."

Lẹ́yìn ògiri, Ìyá Àgbà tó ń gbọ́ wọn wúkọ́.

"Láti ìgbà wo ni o ti mọ èyí?" ni Sàúdátù bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Inú yín máa ń dùn sí tiyín, Ìyá. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín."

"Wọn ò dá a padà," ni Sàúdátù wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àní kò sí ẹni tó dá a padà. Èmi ni. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, èmi ni mo ń dá a padà sílé." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i sí omijé náà. Ó fi páànù ìrin gooro sábẹ́ ìró rẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí Àlàájì padà dé pẹ̀lú Hàrúnà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bá agbọ̀n níbi tí ó wà, ewé rẹ̀ ṣì bò ó. Ìyá Àgbà ti jáde sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Sàúdátù jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Ràhámátù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Gooro yìí ò tíì kúrò lójú kan," ni Àlàájì wí. "Ìyá ò tíì jẹ ẹ́?"

"Mi ò tíì rin ín fún wọn," ni Sàúdátù wí.

"Kí lo ń rin?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú gooro pupa kan tó dára jù nínú agbọ̀n, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀. "Ẹ gé e jẹ, Ìyá, kí ọ̀rọ̀ tán."

Ìyá Àgbà ò gbà á. Ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Erìgì nìkan ló wà níbẹ̀, yíká. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó pa ẹnu dé.

"Mùhámmádù, ṣé o rí i?"

Àlàájì wo ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọjọ́ wo ni o wò ó gbẹ̀yìn? Sàúdátù ló ń rin ín fún mi. Bí Sàúdátù ò bá rin ín, mi ò jẹ."

"Kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, Ìyá."

"Mi ò jẹ ti ọ̀bẹ." Ìyá àgbà náà fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra. "Èmi ni mo gbé gooro lọ sílé bàbá obìnrin yìí nígbà náà. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i, mo sì ní kí ó gbé e sílẹ̀."

Ìyá Fáwàsì ti fi kóósé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó jó.

"Sàúdátù," ni Àlàájì wí, "gbé páànù náà wá."

"Ó wà lọ́dọ̀ mi, Àlàájì. Bí ọmọ bá ti wọ BEPC tán, màá rin ín. Gooro Àzízì kọ́ ni mo kọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ̀."

"Hàrúnà. Ṣé ìyàwó rẹ ni baálé ilé yìí?"

Hàrúnà wo ilẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbogbo wọn ń retí pé kí ó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Kò sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Àlàájì wí. "Lọ́la, èmi àti àwọn àgbà máa padà wá. Èmi fúnra mi máa mú páànù dání, èmi fúnra mi sì máa rin ín. Ẹ gbé àpò àgbàdo mi jáde fún mi."

Hàrúnà ló wọ ilé ìdáná lọ gbé e. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó gbé àpò náà sẹ́yìn alùpùpù, ó sì fi rọ́bà dè é dáadáa kí ó má baà jábọ́ lójú ọ̀nà. Agbọ̀n gooro wà níbẹ̀. Àlàájì kò mú un lọ.

"Ebi ló máa ka ìwé náà fún wọn," ni Ìyá Fáwàsì wí láti orí ọgbà, kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Sàúdátù ò jókòó mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ọmọ náà nílé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Madáàmù Adérónkẹ́ ti sọ fún àwọn ọmọ tí kò ní ẹbí ní Tchamba pé kí wọ́n wá sùn sílé òun níbẹ̀ nígbà ìdánwò. Ẹlẹ́sìn Jésù ni Madáàmù, ìlú á sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlú ti ń sọ ọ́ náà. Ó di aṣọ Ràhámátù àti bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀, ó fi hìjáábù mìíràn lé e, ó sì jáde lọ pe ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta.

Òjò dé kí ọkadà tó dé. Ràhámátù sáré lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń ṣe àdúà tí ètè rẹ̀ nìkan ń sọ. Nígbà tí ọmọ náà tún sáré kọjá lọ síta, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù wà lórí símẹ́ńtì gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Hàrúnà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ràhámátù gun ẹ̀yìn ọkadà, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà lábẹ́ hìjáábù, ó sì wo bàbá rẹ̀. Hàrúnà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dé ẹnu, bó ti máa ń ṣe nínú ìtàn. Sàúdátù rí i, ó sì mọ ọmọ rẹ̀: bí bàbá bá pè é, yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ọkadà gbéra. Ọwọ́ Hàrúnà ṣì wà níbẹ̀. Kò pè é.

Ó dúró nínú òjò títí kò fi gbọ́ ariwo ọkadà mọ́ lójú ọ̀nà Tchamba. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó yẹ ipa ẹsẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀, ó kọjá lára agbọ̀n gooro, ó sì wọ ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àpótí Ràhámátù, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilá tó kù. Sàúdátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Kò sí àgbàdo nílé tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́.